Irọ́ Tí Mo Pa Mọ́ Fúàdì Kí N Lè Ra Ọkọ̀ Tuntun

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣàánú mi. Ẹni tó bá ka ìtàn yìí tán tó sì mi orí pé "ó mà ṣe o," ohun tó kà kò yé e. Òmùgọ̀ obìnrin kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, èmi fúnra mi sì ni obìnrin náà: ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, igbákejì ọ̀gá àgbà ilé-ìwé girama kan ní Ìjan-Èkìtì, tó ní dìgírì méjì, tó sì ń dúró níwájú ọmọ ọlọ́mọ láràárọ̀ láti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má parọ́.

Olúfúnṣọ́ ni orúkọ mi. Adó-Èkìtì ni a ń gbé. Ọkọ mi, Bámgbóyè, ti jẹ ọ̀gá àgbà ilé-ìwé kó tó fẹ̀yìn tì, oko ìrẹsì ló ń dá báyìí ní Ìgbẹmọ. Ọkùnrin tí kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ ni. Kò gba ìjọba gbọ́, kò gba dókítà gbọ́ títí yóò fi bi dókítà mìíràn. Ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí a ti fẹ́ra, ohun tí mo bá ti sọ, ó ti parí lójú tirẹ̀. "Fúnṣọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀," ni yóò wí, kò sì ní wádìí mọ́. Ohun tí mo fi tàfàlà nìyẹn.

Tòyótà Kòrólà kan wà nílé wa, aláwọ̀ eérú, ó ti lo ọdún mọ́kàndínlógún lọ́wọ́ wa. Èmi ni mò ń wà á lọ sí Ìjan, ọkọ mi ló ń tọ́jú rẹ̀. Ó ní ìwé kékeré kan nínú àpótí iwájú ọkọ̀ náà tó máa ń kọ gbogbo àtúnṣe sí, ọjọ́ tí a pààrọ̀ ọ́ìlì, ọjọ́ tí a pààrọ̀ pulọ́ọ̀gì, bí ẹni ń kọ ìwé ìtàn ọba.

Mẹkáníìkì wa ni Fúàdì, ọmọ alùfáà kan ní Òkè-Ìlá. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi tún ọkọ̀ yẹn ṣe. Tí Fúàdì bá pààrọ̀ nǹkan kan lára ọkọ̀, ó máa ń di ògbólógbòó tó yọ sínú ọ̀rá, á sì gbé e lé wa lọ́wọ́, kí a lè fi ojú ara wa rí i pé lóòótọ́ ló pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wá mẹkáníìkì mìíràn ní Adó tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá sọ fún mi.

Ọkọ̀ tí kò fi mí sílẹ̀ lọ́nà rí, ni ojú ń tì mí láti gùn.

Àwọn ọmọ SS2 ló kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ. "Àgbà Ìjọ" ni wọ́n ń pè é, torí pé ó máa ń wọlé jẹ́jẹ́, ó sì máa ń wúkọ́ díẹ̀ kó tó dúró. Mo nà ọ̀kan nínú wọn lẹ́gba, orúkọ náà kò kúrò nílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Títílọpẹ́ gbà á lẹ́nu wọn. Títílọpẹ́ ń kọ́ wọn ní Ẹ̀kọ́ Ọrọ̀-Ajé, ọkọ̀ mẹ́ta ló ti pààrọ̀ láàárín ọdún mẹ́jọ. Kì í tíì san owó èyí tó ń gùn tán tí ojú rẹ̀ á ti wà lára òmíràn, irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ la gbé ètò ọrọ̀-ajé lé lọ́wọ́ láti kọ́ àwọn ọmọ wa.

"Ẹ̀yin VP," ó wí níwájú gbogbo olùkọ́, "ṣé ẹ ò ní jẹ́ kí bàbá yẹn sinmi ni?"

"Bàbá wo?"

"Kòrólà yín ni mò ń sọ. Ó ti tó ẹni tí a ń fún ní owó ìfẹ̀yìntì."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń gbé ọkọ̀ ọkọ mi pamọ́ sẹ́yìn yàrá ìkàwé bí ẹni pé mo jí i gbé.

Ní oṣù kẹwàá ọdún náà ni Pẹ̀lúmi wá sí ilé-ìwé wa. Ọmọkùnrin tó ń ta ọkọ̀ fún ilé-iṣẹ́ kan ní Adó ni, mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, wọn kò yẹ lẹ́ni tí à ń polówó fún. Ó wọ kóòtù nínú oòrùn ọ̀sán, ó ń làágùn bí ẹni tó ń gún iyán, ó sì ń pe gbogbo wa ní Màmá, títí kan ẹni tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ó fi àwòrán jíìpù kékeré kan hàn mí, tuntun láti inú ọ̀rá. Mo ní mo bẹ̀rù ọkọ̀ tuntun, pé tó bá bàjẹ́ ńkọ́.

"Màmá, ọ̀rọ̀ wáránti nìyẹn," ó wí. "Ọdún kan ni ilé-iṣẹ́ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi díẹ̀ kún owó tí ẹ máa san, a máa sọ ọ́ di ọdún márùn-ún. Ohunkóhun tó bá bàjẹ́ láàárín ọdún márùn-ún, àwa la ni ín."

"Ohunkóhun?"

"Ohunkóhun, Màmá. Iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ máa wà á, kí ẹ máa gbádùn afẹ́fẹ́ ẹ́sì inú rẹ̀."

Ó gbé ìwé wáránti náà kalẹ̀. Ojú ewé mẹ́tàlélógún ni, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹyin èèrà. Èmi tí mò ń yọ máàkì ọmọ tí kò bá ka ìbéèrè ìdánwò dáadáa, n kò ka ìlà kan nínú rẹ̀. Ohun tí mo ń wò ni àwòrán tó wà ní èèpo ẹ̀yìn, obìnrin kan tó fi ọwọ́ kan mú ìdarí ọkọ̀, tó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tí a kò rí.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ọkọ mi. Ó gbọ́ mi títí, kò já lu ọ̀rọ̀ mi.

"Kí ló ṣe èyí tí a ní?" ó bi mí.

"Ó ti gbó."

"Èmi náà ti gbó. Ṣé o máa pààrọ̀ mi?" Ó wá rẹ́rìn-ín. "Fúnṣọ́, tí a bá ń tún Kòrólà yìí ṣe lọ́dọọdún títí mo fi máa kú, kò ní tó ìdajì ohun tí o fẹ́ lọ kó fún àwọn yẹn. Ọkọ̀ tí a mọ ìwà rẹ̀ ni. Ọjọ́ tí Fúàdì bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ẹ́ńjìnnì yẹn ti tán, ọjọ́ náà la máa ra òmíràn."

Bí ọkọ mi ṣe fi ọ̀bẹ lé mi lọ́wọ́ nìyẹn, kò mọ̀.

Nígbà ìkórè ìrẹsì ní oṣù kọkànlá, ó máa ń sùn ní Ìgbẹmọ láti Ajé títí di Ẹtì. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo jókòó sínú ọkọ̀ náà gan-an, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo pa ẹ́ńjìnnì náà kí n tó pe ọkọ mi lórí fóònù.

"Bàbá Dùnmínínú, mo ti ọ̀dọ̀ Fúàdì bọ̀. Ó ní ẹ́ńjìnnì ti tán."

Ó ní, "Kí ló pa á?"

N kò múra ìyẹn sílẹ̀. Opùrọ́ tí kò mọ iṣẹ́ ni mí. Mo sọ ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu, òun ló sì burú jù.

"Ọwọ́ rẹ̀ náà ló ti wá. Ó ní nígbà tí òun fa ọ́ìlì àtijọ́ jáde, òun gbàgbé láti rọ tuntun sí i, bẹ́ẹ̀ ni mo wà á lọ wà á bọ̀. Ó ń sunkún. Ó bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kí ẹ mọ̀, mo sì ṣèlérí fún un pé ẹ ò ní bá a sọ ọ́."

"Fúàdì?"

"Fúàdì."

"Ó dáa," ó wí. "Mi ò ní bá a sọ ọ́. Ṣe ohun tó bá yẹ." Ó pa fóònù.

Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, mo ti ta Kòrólà náà fún alágbàtà kan tó búra pé Lọ́kọ́ja lòun ń gbé e lọ. Mo sọ fún ọkọ mi pé àwọn tó ń ra irin àlòkù ló kó o. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè ni ìwé kékeré rẹ̀. Mo ní ó ti bá a lọ, òótọ́ kan ṣoṣo tí mo sọ lọ́sẹ̀ náà nìyẹn.

Owó ìrẹsì rẹ̀ àti owó tí mo yá ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́ la fi ra jíìpù náà, pẹ̀lú wáránti ọdún márùn-ún lórí rẹ̀.

Ọkọ̀ tuntun kì í wọ títì ládùúgbò wa láìgbàdúrà sí i. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, a gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi kò fẹ́ àdúrà kékeré. Mo fẹ́ kí Títílọpẹ́ rí i, mo pè é. Mo pe Pẹ̀lúmi náà, ó wọ kóòtù rẹ̀ wá.

Bàbá Ọmọ́níyì ni olórí àwọn àgbà ìjọ wa. Ó fọwọ́ lé orí jíìpù náà, ó gbàdúrà, ó sì yẹ kó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rí èrò tó pọ̀, ó sì rí fóònù tí wọ́n nà sókè.

"Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀," ó wí. "Àdúrà orí irin lásán kò tó. Inú ni ọ̀tá ń gbà."

Wọ́n ṣí i. Àwọn ìyá aládùúrà gbé kẹ́ẹ̀gì omi àdúrà dé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sórí ẹ́ńjìnnì láti òkè délẹ̀, wọ́n ń kọrin.

Ọkọ mi, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da omi sí àwọn wáyà yẹn."

"Bàbá Dùnmínínú," Bàbá Ọmọ́níyì dá a lóhùn, "ìgbàgbọ́ yín ńkọ́?"

Èmi ni mo fi ojú sọ fún ọkọ mi pé kó dákẹ́. Bàbá Ọmọ́níyì wá ní kí n ṣí ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì sí. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣí i. Ó da ìgò òróró ìyàsímímọ́ kan síbẹ̀, kò ṣẹ́ ẹ̀kán kan kù. Pẹ̀lúmi ń ya fídíò. Àmín tirẹ̀ ló dún jù nínú gbogbo Àmín ọjọ́ náà.

Nígbà tí a jáde, àwọn ọkùnrin ìjọ yí ọkọ mi ká, wọ́n bi í léèrè ohun tó ṣe Kòrólà. Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn ún láti ọjọ́ yìí, ó sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Fúàdì ló pa á," ó wí.

Mo wà níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Mo ń tún gèlè mi wé.

Ẹ wá wo àwọn Kristẹni rere. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò ti ní bíréèkì láti ọdún tó kọjá ní Fúàdì ló bà á jẹ́. Ẹni tí kò gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Fúàdì rí ní òun ti fura sí i tipẹ́. Kó tó di oṣù kejì, ènìyàn mẹ́fà ti kó ọkọ̀ wọn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ìjọ sì gba bọ́ọ̀sì wọn tó ń bá wọn tún ṣe padà. Bọ́ọ̀sì yẹn ló ń fi bọ́ ilé rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá dá. Gbogbo èyí dé etí mi níkọ̀ọ̀kan, mo sì ń sọ fún ara mi pé ọkùnrin ni, á rí òmíràn.

Ní gbogbo ọdún Iléyá, Fúàdì máa ń gbé ẹran wá fún wa. Ìyàwó rẹ̀, Mùínátù, mọ ẹran dín, ọkọ mi a sì máa fi èyí tó ṣẹ́kù jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní Iléyá tó tẹ̀lé e, ó tún gbé kúlà dé, pẹ̀lú aṣọ tuntun lọ́rùn. Mo ń wò ó láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì.

Ọkọ mi pàdé rẹ̀ ní géètì. Kò ṣí i.

"Gbé e padà, Fúàdì."

"Dádì, ẹran Iléyá ni."

"Mo mọ̀. Gbé e padà."

Fúàdì dúró. Ó kó kúlà náà láti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì. "Dádì, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni? Láti ọjọ́ tí ẹ ti ra ọkọ̀ tuntun ni ẹ kò ti kí mi mọ́. Mo ní bóyá ìpò ló ti yàtọ̀."

"O mọ ohun tí o ṣe. Mo ti ṣèlérí pé mi ò ní bá ọ sọ ọ́, mi ò sì ní bá ọ sọ ọ́."

Fúàdì wo ojú fèrèsé. N kò mọ̀ bóyá ó rí mi. Ó yí padà, ó ń gbé ẹran rẹ̀ lọ ní ojú títì lójú gbogbo ènìyàn tó ń bọ̀ láti yídì. Ọkọ mi wọlé, ó jókòó, kò jẹun lọ́jọ́ náà. Mo lè sọ òtítọ́ ní wákàtí yẹn. Mo bi í bóyá kí n dín ẹyin fún un.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, jíìpù mi kú ní ojú ọ̀nà Ìjan, nínú òjò. Gbogbo iná iwájú rẹ̀ tàn lẹ́ẹ̀kan náà, pupa, yẹ́lò, pupa, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ó ti ń ṣe ségesège láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo kàn ń sọ fún ara mi pé bí ọkọ̀ ìgbàlódé ṣe ń ṣe nìyẹn. Ọkọ̀ akẹ́rù ìrẹsì kan ló fà mí dé Adó. Ẹ̀rù kò bà mí. Mo ní wáránti.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi àti ọkọ mi jọ lọ gbọ́ èsì. Pẹ̀lúmi jáde sí wa, ó ti bọ́ kóòtù.

"Màmá, omi ti wọ inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yìí, ó ti jẹ àwọn wáyà rẹ̀. A sì rí nǹkan kan nínú ẹ́ńjìnnì tí kì í ṣe ọ́ìlì tiwa. Wáránti kò kan irú èyí."

"Ta ló sọ fún yín pé omi wọ ọ́? Òjò ni."

Ó yọ fóònù rẹ̀, ó sì yí ojú rẹ̀ sí wa. Èmi nìyẹn nínú fídíò, tèmi ti léèsì, mo ń ṣí ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì sí, mo ń jó.

"Ìwọ lo ya fídíò yìí," mo wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ó wà ní ojú ewé kẹtàdínlógún nínú ìwé tí ẹ fọwọ́ sí, pé ẹni tó bá da omi sí ẹ́ńjìnnì kò ní wáránti mọ́."

"O dúró níbẹ̀. O ń wò wá. O ń ṣe Àmín."

"Àdúrà ni mo ṣe Àmín sí, Màmá. Mi ò ṣe Àmín sí omi."

Kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ gbá a létí, ṣùgbọ́n ohun tó ń bí mi nínú ni pé ó pa mí bí mo ṣe yẹ lẹ́ni pípa. Ọmọ tó ń fi wáránti tan ènìyàn jẹ, ó kéré sí obìnrin tó ta orúkọ mẹkáníìkì rẹ̀ kó lè ra wáránti náà.

Ọkọ mi kò bú mi. "Ẹ jẹ́ ká fà á lọ sọ́dọ̀ àwọn rewáyà ní Òkè-Ìlá," ó wí. "Wọ́n mọ wáyà dáadáa níbẹ̀."

Ọgbà kan náà ni àwọn rewáyà yẹn àti Fúàdì jọ ń lò. "Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí Àkúrẹ́," mo wí.

"Kí ló wà ní Àkúrẹ́?"

N kò rí irọ́ kankan pa. Èmi tí mò ń fi ojoojúmọ́ pa á, ọjọ́ tí mo nílò rẹ̀ gan-an ló tán lẹ́nu mi.

A dé ọgbà náà ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀. Kí ọkọ mi tó sọ̀ kalẹ̀ tán, mo rí i tó dúró gbọn-in, tó dẹ etí sílẹ̀. Lábẹ́ páànù Fúàdì, Kòrólà aláwọ̀ eérú kan dúró, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà ní ṣíṣí, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ó wúkọ́ díẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn ní Adó tó lè dá ohùn yẹn mọ̀ ju ọkọ mi lọ.

Ọkùnrin kan jókòó sórí àga, ó ń jẹ àgbàdo sísun. Ṣèyítán ni orúkọ rẹ̀, ó ń ta pákó ní Ìyìn, mo mọ èyí lẹ́yìn náà.

"Ẹ kú uṣẹ́ o," ọkọ mi kí i. "Ọkọ̀ yìí ńkọ́?"

"Tèmi ni, Bàbá. Oṣù kẹjọ rè é tí mo ti rà á."

"Ẹ́ńjìnnì mìíràn ni ẹ fi sí i?"

"Ẹ́ńjìnnì wo? Èyí tó bá wáyé náà ni. Mo ti fi lọ sí Kàdúná lẹ́ẹ̀mejì, kò já mi kulẹ̀." Ọkùnrin náà nu ọwọ́ rẹ̀, ó na ọwọ́ sínú ọkọ̀, ó sì yọ ìwé kékeré kan jáde. "Ẹ wò ó. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀. Nọ́ńbà mẹkáníìkì yìí ló wà lẹ́yìn rẹ̀, òun ni mo fi mọ ọ̀nà ibí. Ẹni tó bá ta irú ọkọ̀ báyìí, Bàbá, orí rẹ̀ kò pé."

Ọkọ mi gba ìwé náà. Ó ṣí i. Ó ń wo ìwé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ fún ìgbà pípẹ́.

Fúàdì ti jáde láti ẹ̀yìn ọkọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kún fún gírísì. Ó kí wa, ó sì dúró ní òkèèrè bí ẹni tí a ti lé rí.

"Fúàdì," ọkọ mi wí, "ǹjẹ́ o sọ fún ìyàwó mi rí pé ẹ́ńjìnnì yìí ti tán? Pé o gbàgbé láti rọ ọ́ìlì sí i?"

Fúàdì wò mí. Mo rí i nígbà tí gbogbo rẹ̀ yé e: kíkí tí a kò kí i mọ́, bọ́ọ̀sì, ẹran Iléyá. Ó rí ojú mi náà, kí ló sì ṣe? Ó fẹ́ bò mí.

"Dádì, ó lè jẹ́ pé Mọ́mì kò gbọ́ mi yé dáadáa lọ́jọ́ náà."

Títí mo fi máa kú, n kò ní gbàgbé gbólóhùn yẹn. Ó ṣì ń gbìyànjú láti gbé mi fò, èmi tí mo ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Kì í ṣe ohun tí mo bi ọ́ nìyẹn," ọkọ mi wí.

"Rárá, Dádì. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ rí."

Ọkọ mi wá yí sí mi. Nígbà tí inú bá bí i ní tòótọ́ ni èdè ìlú rẹ̀ máa ń jáde, ohùn rẹ̀ á sì lọ sílẹ̀. "Fúnṣọ́. Nínú ulé mi? Ìwọ?"

"Ẹ jọ̀ọ́," mo wí.

"Ṣé Fúàdì sọ ọ́, àbí kò sọ ọ́?"

"Kò sọ ọ́."

Ọkùnrin tó ń jẹ àgbàdo gbé ojú sílẹ̀. Ọkọ mi, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, ṣí fìlà kúrò lórí, ó sì tẹ̀ba níwájú ọkùnrin tó lè bí.

"Fúàdì, mo ba orúkọ rẹ jẹ́. Jọ̀wọ́, dárí jì mí."

Fúàdì sáré gbá a mú kí orúnkún rẹ̀ tó kanlẹ̀, ó fi gírísì kun bùbá funfun rẹ̀. "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Dádì. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi." Àwọn méjèèjì ń sunkún. Èmi dúró ti jíìpù mi tí kò lè rìn, kò sí ẹni tó wò mí.

Ọkọ mi lọ sí ilé àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó ń sọ fún wọn pé irọ́ lòun sọ. Kò dárúkọ mi fún ẹnì kan. Àwọn mẹ́ta padà sọ́dọ̀ Fúàdì. Àwọn yòókù ní èéfín kì í ṣàdédé jáde, iná kan á wà níbẹ̀. Bàbá Ọmọ́níyì ní ìgbìmọ̀ ti fi bọ́ọ̀sì ìjọ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, òun kò lè yí i padà. Ẹni tó lè fi òróró yí ọkàn ẹ́ńjìnnì padà, kò lè yí ọkàn ìgbìmọ̀ padà.

Mo lọ bẹ Fúàdì nílé rẹ̀. Mùínátù kò wá kí mi. Fúàdì fún mi ní àga, ó sì gbọ́ mi tán.

"Mo ti yọ̀ǹda yín, Mọ́mì," ó wí. "Nítorí Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé ọkọ̀ kankan wá fún mi mọ́. Ti Dádì ni mo lè ṣe. Tiyín ń bà mí lẹ́rù."

Jíìpù náà ṣì wà nínú ọgbà wa, àwọn alángbá ń gbé abẹ́ rẹ̀. Owó kọ̀ǹpútà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ọkọ̀ mìíràn. Ó ku ọdún mẹ́rin lórí wáránti rẹ̀. Èmi àti àwọn ọmọ ilé-ìwé mi la jọ ń wọ takisí lọ sí Ìjan, wọ́n sì ń fún mi ní ààyè iwájú nítorí pé mo jẹ́ VP. Títílọpẹ́ ti ra òmíràn. Ó bi mí lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn bóyá mo mọ ẹni tó fẹ́ ra èyí tó ń gùn tẹ́lẹ̀, mo ní kó lọ bi Pẹ̀lúmi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, tí ẹ ti ń fojú burúkú wo ọkọ̀ tó wà níta yín torí pé aládùúgbò yín ra tuntun, n kò ní gbà yín nímọ̀ràn. Ẹ kò ní gbọ́. Èmi náà kò gbọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo pàdé Fúàdì ní ẹ̀gbẹ́ títì ní Òkè-Ìlá. Ó kí mi bí ọmọlúàbí ṣe ń kí àgbà. Ó ní kí n bá òun kí Dádì, kí n sì sọ fún wọn pé òun máa wá wo jẹnẹrétọ̀ wọn lọ́jọ́ Sátidé. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré délé.

"Fúàdì kí yín," mo wí fún ọkọ mi. "Ó ní òun ń bọ̀ wá wo jẹnẹrétọ̀ ní Sátidé."

"O ṣeun," ó wí.

Ó fi ìwé ìròyìn tó ń kà sílẹ̀, ó mú fóònù, ó sì pe nọ́ńbà kan níwájú mi. Kò bínú. Kò fi pamọ́ fún mi.

"Fúàdì, báwo ni? Ìyàwó mi ní o kí mi. Ó ní o máa wá ní Sátidé. Ṣé òótọ́ ni?"

Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì mi lọ́wọ́, mo ń retí ohun tí Fúàdì máa sọ.